Bàbá Tí Kì Í Dá Àṣìpè Lóhùn

"Ẹ má fi bàbá mi rẹ́rìn-ín!"

Ohùn náà dún nínú yàrá kékeré yẹn bí ìgbà tí ìdérí ìkòkò bá já lulẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó wà nídìí ẹ̀rọ, lódìkejì gíláàsì, sáré já ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò létí. Ọkùnrin onírun funfun tó jókòó síwájú gbohùngbohùn gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró lójú títì.

"Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Ara mi ni mo ń fi rẹ́rìn-ín. Bí orúkọ kan bá ti ṣòro, bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe."

"'A' wo nìyẹn?"

"Àwa tí wọ́n bí sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì."

"Ẹ bá mi kí gbogbo yín nílé. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni mo ní kí ẹ pè, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́kẹ́ bí ọmọ tó fọ́ àwo tí kò fẹ́ kí ìyá òun mọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un pè."

Ó tún un pè. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Obìnrin tó ń pariwo yìí, Ata Wẹ́wẹ́ ni ìyá rẹ̀ ti ń pè é láti kékeré, nítorí pé kò tóbi lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹnu kàn án yóò mu omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí jìnnìjìnnì ń bá. Ó ti kọ́ dókítà, ó ti kọ́ adájọ́, ó ti kọ́ pásítọ̀ kan tó máa ń di ojú gbàdúrà bó bá ti dé oríta. Kò rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí, àfi ìgbà tó wa akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀. Ohun tó mọ̀, ojú ló fi rí i, etí ló fi gbọ́ ọ, ẹnu ló fi jà á gbà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ ìwé. Ìtàn ìgbésí ayé bàbá wọn ni, bíríkìlà tó fi àádọ́ta ọdún kọ́ ilé tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé. Ìwé náà tà débi pé ilé iṣẹ́ kan ní àwọn fẹ́ kà á sínú ẹ̀rọ, kí àwọn tí kò ráyè ìwé lè máa fi etí gbọ́ ọ. Wọ́n gba òǹkàwé kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Olóhùn Oyin, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, ẹni tó bá ka àkọlé orí ìgò oògùn fún ọ, wàá fẹ́ sunkún. Wọ́n sì ní kí ẹbí rán ẹnì kan wá kó máa tọ́ ọ sọ́nà lórí orúkọ. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹnu tèmi rọ̀ jù. Àbúrò mi, ìwọ lọ bá wọn."

Ló bá lọ. Yàrá náà kò fẹ̀ ju inú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré lọ, wọ́n fi fóòmù tó ní ihò bí àwo ẹyin bo gbogbo ògiri rẹ̀. Àga ibẹ̀ kò gbọdọ̀ dún, bàtà kò gbọdọ̀ dún, ikùn pàápàá kò gbọdọ̀ dún. Ápù gígé ni Olóhùn Oyin ń jẹ kí inú rẹ̀ má baà ké. Wọ́n gba ẹ̀gbà ọwọ́ Ata Wẹ́wẹ́ lẹ́nu ọ̀nà nítorí ariwo. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọn ò rí gbà.

Orúkọ bàbá yìí, sílébù márùn-ún ni: dò, mí, mí, re, dò. Ó gun òkè, ó rìn lórí òkè, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ni "gb" wà, bí òpó láàárín ilé. Ata Wẹ́wẹ́ kì í sì í ṣàdédé pè é, nítorí ọmọ kì í la orúkọ bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ tẹ orúnkún díẹ̀, á ní "Bàbá, ẹ foríjì mí, iṣẹ́ ni," kó tó pè é kí Olóhùn Oyin gbọ́.

Olóhùn Oyin á gbọ́ ọ. Á mi orí. Á wá fi ojú sílẹ̀ wo ìwé iwájú rẹ̀, á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní ọjọ́ kìíní, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì bẹ́ lé sílébù kẹta, ó tẹ mẹ́rin yòókù pa. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ìrù orúkọ náà sókè bí ẹni tó ń bi í léèrè pé ṣé òun náà nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹta, ó kọ́ ilẹ̀kùn sáàárín g àti b, ó ń ní "gù", ó sinmi, ó ní "bà". Lọ́jọ́ kẹrin yìí, ó kàn sáré kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń kọjá níwájú ilé alájá, ló bá tún rẹ́rìn-ín sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ariwo.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ló wọlé, ọkùnrin tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ ní Ọ̀gá Aago, nítorí pé aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, aago wà lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ méjì, bí o bá sì kí i ní "ẹ káàárọ̀," aago ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó gbà fún ọ.

"Kí ló tún dé? Aago kan ti lù."

"Aago ló lù," ni Ata Wẹ́wẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, ẹnikẹ́ni ò tíì lu ẹnìkejì."

"Màdáámù, ẹ gbọ́. Ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́ta ni orúkọ yẹn jáde nínú ìwé. A ti ka gbogbo ìyókù tán, orúkọ yẹn nìkan ló há. A gbìyànjú láti fi ohùn yín lẹ̀ ẹ́."

"Ẹ ti rí i bó ṣe rí. Bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ adìẹ sára màlúù."

"Nítorí náà, ní aago mẹ́rin òní, yàrá yìí kúrò lọ́wọ́ wa. Bí kò bá tíì pè é dáadáa nígbà náà, a ó yọ orúkọ kúrò. Gbogbo ibi tó bá wà, 'ọkùnrin náà' la ó fi rọ́pò. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Ó yẹ kí n sọ fún yín pé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ, èdè tí ọmọdé àti àgbà ti ń fọwọ́ bọ àwo kan náà, tí kò mọ "o" yàtọ̀ sí "ẹ". Ṣùgbọ́n nínú ọkàn Ata Wẹ́wẹ́, kálukú ló ní àga tirẹ̀. "Ẹ" ló ti ń fún Ọ̀gá Aago láti ọjọ́ tó ti débẹ̀. "Ta ló fẹ́ mọ̀" yẹn ló jẹ́ kó yọ àga náà lábẹ́ ìdí rẹ̀.

"Ṣé o ti ka ìwé yìí?"

"Iṣẹ́ mi kọ́ ni kí n kà á. Iṣẹ́ mi ni kó parí lásìkò. Ẹ má bínú sí mi, Ọlọ́run ò dá ahọ́n wa fún un ni. Kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó lè pe orúkọ yẹn láéláé."

"Jókòó," ni Ata Wẹ́wẹ́ wí, "kí n ka orí keje fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́."

Kò jókòó, ṣùgbọ́n kò lọ. Ata Wẹ́wẹ́ sì la ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí bàbá wọn ṣì lágbára, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ fọ́máànù kan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti àwọn wọ̀nyí. Fọ́máànù gbìyànjú orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó dá a dànù, ó ní Jákì ni òun ó máa pè é. Bàbá ò jà, kò bú u. Kò kàn dáhùn ni. "Jákì!" Bàbá ń po sìmẹ́ǹtì lọ. "Jákì!" Bàbá ń to búlọ́ọ̀kù lọ. Wọ́n lé e lọ sílé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì tún ní kó padà wá nítorí ògiri rẹ̀ kì í wọ́. Ó wá di ọjọ́ kan, bàbá wà lókè pátákó tí wọ́n fi ń gun ògiri, ó kọ̀yìn sí ayé, ó ń rẹ́ ògiri, pátákó ńlá mìíràn yẹ̀ lókè orí rẹ̀. Fọ́máànù rí i. Ó ké "Jákì! Jákì! Jákì!" títí ọ̀fun rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Bàbá ń rẹ́ ògiri lọ. Ọ̀rẹ́ bàbá tó wà nísàlẹ̀ ló gbé orí sókè, ó pe orúkọ náà bó ṣe yẹ, lẹ́ẹ̀kan péré. Bàbá sì yẹ̀ ẹ́. Pátákó gba ibi tí orí rẹ̀ ti wà kọjá, ó lọ gún ilẹ̀ bí ọ̀kọ̀.

"Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fọ́máànù wá jókòó lórí àpò sìmẹ́ǹtì níwájú bàbá mi. Ó ní, 'Kọ́ mi.' Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n pè. Ahọ́n bíi tìrẹ ló wà lẹ́nu rẹ̀, kò yá a. O wá ní kí n yọ orúkọ, kí n fi 'ọkùnrin náà' sí i. Kí lọ̀rẹ́ bàbá mi fẹ́ wá ké? 'Ọkùnrin náà, yẹ̀ ẹ́'? Gbogbo ọkùnrin tó wà níbi iṣẹ́ ni ì bá yẹ̀, àfi bàbá mi!"

Ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn gíláàsì. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbogbo wọn rí eyín rẹ̀.

Ojú ti Ọ̀gá Aago díẹ̀, ó sì fi ìbínú bò ó. "Ó dáa. Ta ni yóò dájọ́ pé ó pè é dáadáa? Ẹ̀yin? Ẹ̀yin ò ní í gbà títí ayé."

"Ẹni tó ni ín ni yóò dájọ́. Bí aago mẹ́rin bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó tẹ bàbá mi láago. Bàbá mi ò dá àṣìpè lóhùn rí láyé. Bó bá dáhùn, orúkọ dúró síbi mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bó bá dákẹ́, yọ ọ́. Mi ò ní í ya ẹnu mi."

"Mo gbà!" Ọ̀gá Aago rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Kódà bí bàbá yín bá dáhùn, èmi fúnra mi á jókòó síwájú gbohùngbohùn yìí, n ó sì pè é!"

"Gbogbo wa ti gbọ́ o," ni Ata Wẹ́wẹ́ wí, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ó yíjú sí Olóhùn Oyin. Ọkùnrin náà ti tún ń wo ìwé.

Ìgbà yẹn gan-an ni ojú Ata Wẹ́wẹ́ là. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko! Ohun tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jà lójoojúmọ́, ó wà níwájú rẹ̀ kò rí i! Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń wò, òun ló sì ń gun igi. Olóhùn Oyin ń gbọ́ orúkọ létí dáadáa, ṣùgbọ́n kó tó pè é, á wo ìwé, ojú á rí lẹ́tà, ahọ́n á sì lọ mú ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ ọ láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ó já ìwé náà gbà, ó fi í sí abẹ́ ìdí, ó jókòó lé e.

"Ẹ má wo ẹsẹ̀ yín mọ́. Títì ni kí ẹ wò."

"Mi ò lè kọ orin tí mi ò rí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ń lo ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀. Àwa ò ní irú ẹ̀ lẹ́nu."

Ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ tẹ bọ́tìnì, ó bi í bóyá tíì ni kóun gbé wá àbí kọfí. Olóhùn Oyin kò la ẹnu. Ó gbé èjìká sókè, ó sì kùn nínú imú: "ùn-ún-ùn."

Ata Wẹ́wẹ́ fò dìde. "Kí lẹ wí?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Onírùngbọ̀n, kí ló wí?"

"Ó ní òun ò mọ èyí tóun fẹ́."

"Ẹnu yín pa dé, kò sí lẹ́tà, kò sí ọ̀rọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì sì gbọ́ yín yékéyéké! Ẹ̀yin tí ẹ ò ní ohùn òkè, ẹ̀yin tí ẹ ò ní ohùn ìsàlẹ̀! Ẹ pa ẹnu dé bẹ́ẹ̀. Ẹ kùn ún. Dò, mí, mí, re, dò."

Ó kùn ún. Lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Ọ̀gá Aago gba ẹ̀yìn gíláàsì kọjá, ó rí àgbàlagbà méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn, tí wọ́n ń kùn bí oyin inú àgbá, ó wo aago, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí aago méjì ààbọ̀ fi máa lù, orin orúkọ náà ti wọ inú Olóhùn Oyin débi pé ó ń kùn ún bó ṣe ń jẹ ápù.

Ó wá ku "gb".

"Ẹ máa ń wa ọkọ̀?"

"Ó ti lé ní ogójì ọdún."

"Oní-jíà, àbí èyí tó ń wa ara ẹ̀?"

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà dun Olóhùn Oyin. "Oní-jíà ni o. Mo dàgbà, mi ò yarọ."

"Ọlọ́run ṣeun. Bí ẹ bá fẹ́ gbéra lórí òkè, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ṣé ẹ máa kọ́kọ́ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí ẹ gbatẹ́gùn, kí ẹ tó wá tẹná?"

"Ọkọ̀ á ta gìrì, á kú."

"Ohun tí ẹ ń ṣe fún bàbá mi nìyẹn láti ọjọ́ Ajé! Ọ̀fun yín ni kílọ́ọ̀ṣì, ètè yín ni iná. Ẹ ń tú ọ̀fun, ẹ ń gbatẹ́gùn, ẹ wá ń tú ètè. Pa pọ̀ ni! Ẹ ti méjèèjì. Ẹ tú méjèèjì."

Ọkọ̀ kú. Ọkọ̀ tún kú. Itọ́ ta sára gbohùngbohùn, wọ́n fi aṣọ nù ún. Ọkọ̀ ta gìrì, ó sún síwájú díẹ̀, ó kú. Lẹ́yìn náà, láìròtẹ́lẹ̀, ó jáde lẹ́nu Olóhùn Oyin, ó nípọn, ó yí, kò ní ilẹ̀kùn láàárín: gbá! Ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ dìde, ó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn gíláàsì láìsí ìró kankan. Olóhùn Oyin alára bo ẹnu bí ẹni tó bá eyín tuntun níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìyà tuntun dé. Inú ọkùnrin náà dùn sí "gb" rẹ̀ jù. Bó bá ti dé ibẹ̀, á dúró, á fẹ àyà, á gbé e jù sókè, àwọn sílébù yòókù á sì máa wọ́ tẹ̀lé e bí ọmọ tí wọn ò bí sílé. Aago mẹ́ta ààbọ̀. Aago mẹ́rin ku ogún.

Olóhùn Oyin tì sẹ́yìn. "Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí. Láti ilé ìwé, kò tíì sẹ́ni tó sọ fún mi pé 'kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tún un pè.' Bóyá òótọ́ ni ọ̀gá sọ."

Bí ẹlòmíràn ni, á ṣàánú rẹ̀. Ata Wẹ́wẹ́ fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń pè?"

"Orúkọ náà."

"Mo mọ̀. Orúkọ lẹ ń kà, ẹ ò pe ẹnì kankan. Ẹ wo òkè yẹn." Ó nawọ́ sí igun àjà. "Ó wà níbẹ̀. Ó kọ̀yìn sí yín. Pátákó ti yẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí i."

Olóhùn Oyin gbójú sókè. Ilẹ̀kùn sì ṣí, Ọ̀gá Aago wọlé.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Ata Wẹ́wẹ́ gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè máa gbọ́. Ó dún títí kí wọ́n tó gbé e.

"Ata, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹnì kan wà níbí tó fẹ́ pè yín."

"Ẹni tó fẹ́ pè mí kó pè mí. Mo ń wo bọ́ọ̀lù."

Olóhùn Oyin ha ọ̀fun. Ó fi ojú sílẹ̀, ó wá ìwé, kò rí ìwé. Ó pe orúkọ náà. Mẹ́rin jókòó dáadáa, ṣùgbọ́n ìkarùn-ún gbé ìrù sókè bí ìbéèrè.

Nínú fóònù, ariwo bọ́ọ̀lù nìkan ló ń dún. Ẹnì kan gbá a, ẹnì kan pàdánù rẹ̀. Bàbá ò dáhùn. Ọ̀gá Aago rọra nawọ́ sí fóònù.

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò," ni Ata Wẹ́wẹ́ wí láìwò ó.

Olóhùn Oyin dìde. Òǹkàwé kì í dìde nínú yàrá yẹn. Ó ti àga sẹ́yìn, ó gbé orí sókè sí igun àjà, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó sì fi gbogbo ẹ̀dọ̀fóró pe ọkùnrin kan tó wà lókè pátákó.

Dò, mí, mí, re, dò.

Gíláàsì gbọ̀n. Nínú fóònù, àga kan wó lulẹ̀ gbì.

"Hòo! Mo ti yẹ̀ ẹ́ o!" ni bàbá ké. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ta nìyẹn? Ta ló ń pè mí bí ẹni tí ilé fẹ́ wó lù?"

Ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ já wọlé, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní iná pupa ti ń tàn látẹ̀ẹ̀kan, òun ti gbà á sílẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, gbogbo mọ́kànlélọ́gọ́ta ni òun ó fi í sí lónìí, ohùn kan náà, ẹnu kan náà. Olóhùn Oyin fi ọwọ́ nu ojú. Ata Wẹ́wẹ́ kúnlẹ̀ fún fóònù.

"Bàbá, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan ni."

"Kò purọ́," ni bàbá wí. "Ta ló tún kù níbẹ̀?"

"Ọ̀gá wọn ló kù, sà. Ó ṣèlérí."

"Ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe," ni Ọ̀gá Aago wí.

"Mo ń gbọ́ o," ni bàbá wí nínú fóònù.

Gbogbo wọn ń wò ó. Ọ̀gá Aago wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago ò gbà á. Ó jókòó, ó fa ìwé tí Ata Wẹ́wẹ́ ti fi ìdí tẹ̀ wá síwájú ara rẹ̀, ó tẹ ojú mọ́ ọn. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì bẹ́ lé sílébù kẹta. Ó kọ́ ilẹ̀kùn sáàárín g àti b. Ó gbé ìrù rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́kẹ́.

Fóònù dákẹ́.

Olóhùn Oyin rọra yọ ìwé náà kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ká a sí méjì, ó fi í sórí àga tirẹ̀, ó sì jókòó lé e.

"Má fi bàbá rẹ́rìn-ín," ló wí. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tún un pè."